Ṣíṣe páìpù afẹ́fẹ́ tútù fún Primera àtijọ́: ẹ má tíì yọ àpótí fílítà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nissan Primera ọdún 1998 ni mò ń wà, ẹ́ńjìnnì 2.0 ló wà nínú rẹ̀, Sùúrùlérè sí Marina sì ni mò ń bá a rìn lójoojúmọ́. Bí oòrùn bá ti mú, ọkọ̀ náà máa ń wúwo bí ẹni pé ó gbé ẹrù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ àpótí fílítà tí ẹ́ńjìnnì fi ń sẹ́ afẹ́fẹ́ dànù, kí n fi páìpù oníke tí àwọn púlọ́ńbà ń lò gba afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀ bọ́ńpà, kí n sì fi fílítà kékeré sí ẹnu rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni pé agbára rẹ̀ yóò pọ̀ sí i, báwo ni mo sì ṣe lè ṣe é láìba ẹ́ńjìnnì jẹ́?

Ìdáhùn: Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín, àmọ́ n kò fara mọ́ ìsàlẹ̀ bọ́ńpà tí ó ní kí ẹ gbé ẹnu páìpù sí, n kò sì fara mọ́ yíyọ àpótí fílítà. Afẹ́fẹ́ tútù ki ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá mí in sínú, ọ́síjìn tó bá a wọlé yóò pọ̀ sí i, epo tó lè jó yóò sì pọ̀ sí i. Ká ní ìta wà ní ìwọ̀n 33 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sì gbóná dé 60 nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Ojúẹlẹ́gba, afẹ́fẹ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn yóò fi nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 fúyẹ́ ju ti ìta lọ. Ìwọ̀nba èrè tí a ń wá nìyẹn, ìgbà tí ẹ bá sì tẹ iná dópin ni ẹ máa rí i dáadáa. Ọkọ̀ tó ń wúwo nínú gosiló sábà máa ń ní àìsàn mìíràn: fílítà tó ti dí, púlọ́ọ̀gì tó ti gbó, tàbí sẹ́ńsọ̀ airflow, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, tó ti dọ̀tí. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín yẹ ìwọ̀nyí wò ṣáájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ wo ibi tí àpótí fílítà yín ti ń mí. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ mọ ìwúlò afẹ́fẹ́ tútù, wọ́n sì sábà máa ń fi ọ̀nà oníke kan sí ẹnu àpótí náà tí ó ń lọ gba afẹ́fẹ́ níta ibi tí ẹ́ńjìnnì wà. Ohun tí mò ń rí lára ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ti ní jàǹbá rí ni pé, nígbà tí panel beater bá tún iwájú ọkọ̀ ṣe tán, ọ̀nà yẹn kì í padà sí àyè rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á wá máa mí ooru tí rediétọ̀ rẹ̀ tú jáde. Bí tiyín bá ti sọnù, ẹ wá òmíràn ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀. Bí ẹ kò bá rí i, òun gan-an ni kí ẹ fi páìpù rọ́pò.

Ìdí tí mo fi ń rọ̀ yín pé kí àpótí náà dúró ni pé fílítà inú rẹ̀ fẹ̀, etí rẹ̀ sì dí pinpin tí eruku ọyẹ́ kò lè gbà á kọjá. Òwú inú fílítà kékeré olówó pọ́ọ́kú, irú èyí tí ọ̀rẹ́ yín sọ, máa ń ṣí sílẹ̀, yanrìn tó bá sì gba ibẹ̀ kọjá yóò máa ha rínìn tó yí písítìn ká, ìyẹn irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì. Èyí tí wọ́n fi òróró rẹ lè ta òróró sára airflow. Wáyà gbígbóná tín-ínrín ló wà nínú airflow Primera, brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ń fi bí afẹ́fẹ́ ṣe ń mú wáyà náà tutù ṣírò iye epo tí yóò tú sílẹ̀. Bí ẹ bá yí fífẹ̀ ibi tí wáyà yẹn wà padà, ìṣirò náà di irọ́. Bí họ́ọ̀sì ẹ̀yìn rẹ̀ bá sì ń jò, afẹ́fẹ́ tí brain box kò kà yóò máa wọlé, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Nítorí náà, láti àpótí títí dé ẹ́ńjìnnì, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun.

Páìpù tí ẹ máa lò kò gbọdọ̀ tín-ín-rín ju ẹnu àpótí lọ. Ẹ gbé e jìnnà sí manifold sàlẹ́ńsà, ibi tí èéfín gbígbóná ti ń jáde lára ẹ́ńjìnnì, nítorí pé ike yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ooru bá súnmọ́ 80. Ẹ fi sáńpépà ha ibi tí ẹ gé, kí ẹ fọ inú rẹ̀ kí ó gbẹ. Ẹ lu ihò kékeré sí ibi tó rẹlẹ̀ jù lára rẹ̀ kí omi òjò lè máa kán dànù. Kí ẹnu rẹ̀ wà níwájú rediétọ̀, ní ìwọ̀n gíga iná iwájú ọkọ̀.

Gíga yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Ní àkókò òjò oṣù kẹfà kan, wọ́n fa ọkọ̀ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù wa tí ẹnu páìpù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ bọ́ńpà gan-an. Omi ojú títì kò dé ìdajì táyà rẹ̀, ìgbì tí ọkọ̀ akẹ́rù kan tì sí i ló kó wọ inú páìpù. Omi kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bí písítìn bá gbéra sókè tó bá a níbẹ̀, kọnrọ́ọ̀dù, ọ̀pá irin tó gbé písítìn dúró, ló máa tẹ̀. Méjì ló tẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, ẹni tó ni ín sì ra ẹ́ńjìnnì mìíràn. Bí ọkọ̀ yín bá kú sínú omi, ẹ má ṣe tún un sítáàtì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á jáde, kí wọ́n tú àwọn púlọ́ọ̀gì kí wọ́n tó yí ẹ́ńjìnnì.

Bí ẹ bá parí iṣẹ́, ẹ ra tẹmómítà onídíjítà tó ní wáyà gígùn, kí ẹ ti orí wáyà rẹ̀ bọ inú ọ̀nà tuntun yìí ṣáájú fílítà, kí ẹ sì dè é kí ó má baà já. Ẹ wò ó nínú gosiló, kí ẹ tún wò ó nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré lórí afárá Third Mainland. Bí ohun tí ó kà lórí afárá bá fi ju ìwọ̀n 10 lọ ga ju ti ìta lọ, ẹnu páìpù náà ṣì ń mí ooru rediétọ̀, ẹ gbé e síwájú sí i.