Ṣé òwò lásán lè mú kí èdè méjì tó múlé gbera wọn wọnú ara wọn?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ti ṣẹlẹ̀ láàárín Yorùbá àti Haúsá tipẹ́tipẹ́. Obì wà lára ohun tó fà á. Àwọn Haúsá fẹ́ràn gbànja púpọ̀, bẹ́ẹ̀ igbó ló ti ń so, kì í ṣe nǹkan ilẹ̀ ọ̀dàn. Àwọn náà ń kó màlúù, àlùbọ́sà àti káún wá bá wa.

Ẹ wo Sábó, àdúgbò àwọn Haúsá ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916. Oníṣòwò tó kó màlúù dé láti òkè Ọya lè má gbọ́ Yorùbá rárá, alápatà tó fẹ́ rà á ò gbọ́ Haúsá, àwìn ló sì fẹ́ rà. Baálé Haúsá kan ní Sábó, tí wọ́n ń pè ní mai gida, ló máa gba àlejò náà sílé, tí yóò ṣe ògbufọ̀ fún un, tí yóò sì dúró fún owó náà bí alápatà ò bá san. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ náà máa ń bá ẹrù rìn: ọ̀dọ̀ Haúsá la ti gba àlùbọ́sà àti ràkúnmí. Àmọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù náà kó ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wá, nítorí náà ẹ má ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó jọra sí ti ọjà. Ẹni tó kàn wá rajà tó sì padà, ìkíni àti iye owó ti tó o.