Káàdì tí kò ní òdiwọ̀n: ṣé yóò já credit score mi wálẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Gwarinpa níbí ni mò ń gbé, iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò ní Maryland kí n tó padà wálé. Ìyàwó mi àtàwọn ọmọ ṣì wà lọ́hùn-ún. Kírẹ́díìtì káàdì méjì ni mo ní níbẹ̀, mi ò sì jẹ́ kí ọ̀kankan kú nínú wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni báǹkì tó ni èyí tó tóbi jù kọ̀wé sí mi pé àwọn fẹ́ gbé káàdì mi ga sí irú èyí tí kò ní òdiwọ̀n ìnáwó. Inú mi dùn. Ìyàwó mi ní kí n má fọwọ́ kàn án, pé ó máa já credit score mi wálẹ̀, ìyẹn máàkì tí àwọn ayánilówó fi ń mọ̀ bóyá èèyàn máa san gbèsè, bẹ́ẹ̀ a fẹ́ yá owó ilé lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kò sì ní kan àkọsílẹ̀ mi ní Nàìjíríà, torí mo tún ń bá báǹkì kan ní Wuse sọ̀rọ̀ lórí owó òwò?

Bàbá Ìbejì, Gwarinpa

Ìdáhùn

Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi kí Ìyá Ìbejì. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù òpè. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó sí ẹ̀ka tó ń yáni lówó ní báǹkì kan níbí kí n tó dá iṣẹ́ ìmọ̀ràn tèmi sílẹ̀, mo sì ti rí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ já máàkì ara rẹ̀ wálẹ̀ lóṣù tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àgbéga fúnra rẹ̀ ló ń fa èyí. Nọ́ńbà kan ló máa ń sá lọ nínú àkọsílẹ̀ èèyàn lọ́jọ́ tí káàdì bá pààrọ̀, àìsí nọ́ńbà yẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Màá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ “kò ní òdiwọ̀n” yìí, torí ó máa ń tan èèyàn. Obìnrin kan wà ní ọjà Kubwa tí mo máa ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn. “Àǹtí, iye tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ gbé,” bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Mo gbé àpò kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí mo ní kí ọmọ rẹ̀ bá mi gbé mẹ́rin sí búùtù, ẹ̀rín yẹn dáwọ́ dúró. Ó ṣí ìwé awìn, ó fi ìka tọ orúkọ mi wálẹ̀ títí dé ìlà tó kẹ́yìn, ó wá ní, “Ẹ ṣì mú méjì lọ ná.” Òdiwọ̀n mi ti wà láti ọjọ́ yìí wá, inú orí rẹ̀ ló kọ ọ́ sí.

Ohun tí báǹkì yín náà ń ṣe nìyẹn. Wọn ò ní kọ iye kan tí kì í yí padà sórí káàdì, ṣùgbọ́n wọ́n á máa wo owó tó ń wọlé fún yín, bẹ́ ẹ ṣe ń san gbèsè, àti bẹ́ ẹ ṣe máa ń náwó tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni wọ́n á fi mọ iye tí wọ́n á jẹ́ kó kọjá lọ́jọ́ náà. Bí ẹni tí kì í ná ju dọ́là 800 lóṣù bá ṣàdédé fẹ́ fi káàdì ra bátìrì sólà tó jẹ́ dọ́là 15,000, káàdì lè kọ̀ jálẹ̀. Abájọ tí American Express fi ṣe ibì kan sórí ìkànnì wọn tí oníkáàdì ti lè bèèrè bóyá iye báyìí máa kọjá, kó tó lọ dójú ti ara rẹ̀ níwájú ọlọ́jà.

Irú káàdì méjì ló sì ń jẹ́ orúkọ kan náà yìí, ẹ yẹ lẹ́tà yín wò láti mọ èyí tó jẹ́. Èkíní ni charge card, irú èyí tí ayé fi mọ American Express láti ọjọ́ pípẹ́: ohun tẹ́ ẹ bá ná lóṣù, ẹ máa san án tán ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ń fàyè gba sísan díẹ̀díẹ̀ lórí àwọn kan báyìí. Èkejì ni kírẹ́díìtì káàdì irú Visa Signature. Ìyẹn ṣì ní iye kan tẹ́ ẹ lè máa san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kàn lè gbà yín láyè láti kọjá iye náà, èyí tó bá sì fi lé ni ẹ gbọ́dọ̀ san tán lóṣù yẹn. Bí báǹkì yín bá ṣì ń fi iye yẹn ránṣẹ́ sí Equifax, Experian àti TransUnion, àwọn mẹ́ta tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè ní Amẹ́ríkà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan tó máa yí padà fún yín. Bí wọn ò bá fi ránṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ dé.

Máàkì tí wọ́n sábà máa ń wò kí wọ́n tó yáni lówó ilé lọ́hùn-ún ni FICO, láti 300 dé 850. Ìdá 35 nínú 100 rẹ̀ ń wá látinú bẹ́ ẹ ṣe ń san gbèsè lásìkò, ìdá 30 látinú ohun tẹ́ ẹ jẹ, 15 látinú bí àkáǹtì yín ṣe pẹ́ sí. 20 tó kù, gbèsè tuntun tẹ́ ẹ ń tọrọ àti oríṣi gbèsè tẹ́ ẹ ní ló pín in lọ́gbọọgba. Inú ìdá 30 yẹn ni nọ́ńbà tí mo ní ó máa ń sá lọ wà. Kì í ṣe iye gbèsè nìkan ni wọ́n ń wò níbẹ̀, wọ́n ń fi wé òdiwọ̀n káàdì ni. Lójú wọn, ẹni tó jẹ dọ́là 1,000 lórí káàdì tí òdiwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 10,000 ń mí fúyẹ́. Ẹni tó jẹ 1,000 kan náà lórí 1,200 ti há.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣe é. Ká ní òdiwọ̀n káàdì ńlá yín jẹ́ dọ́là 12,000, ẹ sì jẹ 1,500 lórí rẹ̀. Káàdì kékeré jẹ́ 3,000, ẹ jẹ 1,200 níbẹ̀. Àpapọ̀ gbèsè jẹ́ 2,700, àpapọ̀ òdiwọ̀n jẹ́ 15,000: ìdá 18 nínú 100 nìyẹn, kò burú rárá. Báǹkì wá gbé káàdì ńlá ga, òdiwọ̀n 12,000 pòórá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà FICO ò ní ka káàdì tí kò ní òdiwọ̀n mọ́ nínú ìṣirò yìí, yálà gbèsè orí rẹ̀ pọ̀ tàbí kò pọ̀. Ó wá ku káàdì kékeré nìkan: 1,200 lórí 3,000, ìdá 40. Ẹ ò yá kọ́bọ̀ sí i, ẹ ò ra nǹkan kan, síbẹ̀ ẹ ti fò láti 18 sí 40. Káàdì ńlá ló ń gbé káàdì kékeré pọ̀n tẹ́lẹ̀. Nígbà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni gbogbo ayé rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ràn.

Ọ̀nà míì tún wà tó máa ń le ju èyí lọ. Bí báǹkì ò bá kọ òdiwọ̀n, àwọn ìṣirò kan, pàápàá ti àtijọ́, máa ń mú gbèsè tó ga jù tẹ́ ẹ ti jẹ rí lórí káàdì náà, wọ́n á fi ṣe òdiwọ̀n. Ká ní gbèsè yín ò tíì ju dọ́là 2,000 lọ rí níbẹ̀, 1,500 tẹ́ ẹ jẹ báyìí á di ìdá 75. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, 2,700 lórí 5,000, ìdá 54. Ẹ má sì rò pé ìṣirò àtijọ́ ti kógbá wọlé o: àwọn tó ń yáni lówó ilé gan-an ló pẹ́ jù lórí ẹ̀dà FICO àtijọ́.

Èyí tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìpalára náà kì í pẹ́. Ẹ̀dà FICO tó wọ́pọ̀ kì í bínú àná níbi ká fi gbèsè wé òdiwọ̀n. Bẹ́ ẹ bá san 1,200 orí káàdì kékeré yẹn kù sí 150 kí státímẹ́ǹtì tó jáde, ìdá 40 ti di 5 nìyẹn lóṣù kan. Mo ní kí státímẹ́ǹtì tó jáde, mi ò ní kí ọjọ́ ìsanwó tó pé, torí iye tó bá wà lórí káàdì lọ́jọ́ tí státímẹ́ǹtì jáde ni wọ́n sábà máa ń fi ránṣẹ́. Àìmọye èèyàn ló ń san gbèsè wọn tán lóṣooṣù tí wọ́n ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí rìpọ́ọ̀tù ṣì ń ka gbèsè sí àwọn lọ́rùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò àti ọjọ́ orí àkáǹtì, ìyẹn ò sì gùn. Bí báǹkì bá kàn pààrọ̀ káàdì lórí àkáǹtì kan náà, wọn kì í sábà tún àkọsílẹ̀ yín yẹ̀ wò, ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣí àkáǹtì á sì wà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n láti kírẹ́díìtì káàdì bọ́ sí charge card, àkáǹtì tuntun ni wọ́n sábà máa ń ṣí, ìyẹn ti yàtọ̀ sí àgbéga, ohun yòówù kí wọ́n pè é nínú lẹ́tà. Àyẹ̀wò máa wáyé, ó máa wà nínú àkọsílẹ̀ fún ọdún méjì, FICO á kà á fún oṣù méjìlá, ó sì máa ń jẹ máàkì díẹ̀, tí kì í sábà tó márùn-ún. Àkáǹtì jòjòló náà á tún fa ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wálẹ̀.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó dá wọn lóhùn, ẹ pè wọ́n, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá àkáǹtì àtijọ́ náà ni àbí tuntun, bóyá wọ́n máa tún àkọsílẹ̀ yín yẹ̀ wò, àti iye tí wọ́n á máa kọ síbi òdiwọ̀n nínú rìpọ́ọ̀tù lóṣooṣù. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá gbé fóònù lè má mọ ìdáhùn ìbéèrè ìkẹta. Ẹ ní kó fà yín lé ẹlòmíì lọ́wọ́.

Ẹ tún bi wọ́n léèrè owó ọdún o. Èyí ló ń kọ mí lóminú jù fún ẹni tó ń gbé Gwarinpa tí káàdì rẹ̀ wà ní Maryland. Káàdì tí wọ́n bá gbé ga sábà máa ń ní owó tí wọ́n ń gbà lọ́dọọdún. Àbúrò mi kan ní Texas gba irú àgbéga yìí, ó wálé wá sìnkú ní Ìlọrin, ó sì pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni owó ọdún bọ́ sórí káàdì tí kò lò rárá, dọ́là díẹ̀ báyìí. Nọ́ńbà Amẹ́ríkà tí báǹkì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ti kú, lẹ́tà ń kó jọ sẹ́nu ọ̀nà. Ìsanwó tó bá fi ọgbọ̀n ọjọ́ pẹ́, báǹkì lè fi sun àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ọdún méje ló sì ń lò níbẹ̀. Inú ìdá 35 nìyẹn bọ́ sí. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ìsanwó oṣù kan ń tún ṣe. Bí ẹ bá máa gba káàdì náà, ẹ jẹ́ kí owó rẹ̀ máa já fúnra rẹ̀ látinú àkáǹtì yín lọ́hùn-ún, kí Ìyá Ìbejì sì rí i pé owó wà níbẹ̀.

Èrò tèmi? Ilé lẹ fẹ́ rà, ẹ fi àgbéga sílẹ̀ ná. Kò sí èrè orí káàdì tó tó ìyàtọ̀ tí èlé tó fi díẹ̀ dín máa ṣe lórí gbèsè ọgbọ̀n ọdún. Ẹ dúró títí kọ́kọ́rọ́ á fi wà lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì. Bí báǹkì bá sọ pé àwọn á ṣì máa kọ òdiwọ̀n 12,000 bó ṣe wà, lórí àkáǹtì kan náà, láìsí àyẹ̀wò, mi ò rí aburú níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ fojú ara yín wò ó ní AnnualCreditReport.com, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ lè gba rìpọ́ọ̀tù àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ti báǹkì Wuse, ẹ fọkàn balẹ̀. Káàdì Amẹ́ríkà kì í wọ ìwé àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè níbí. CRC, FirstCentral àti CreditRegistry ni báǹkì àpapọ̀ fún níwèé àṣẹ, BVN yín ni wọ́n fi ń dá yín mọ̀, ó kéré tán méjì nínú wọn sì ni báǹkì gbọ́dọ̀ bi kó tó yá yín lówó. Ohun tó máa ń ba ti ibí jẹ́ ni owó kékeré tí èèyàn yá lórí fóònù lọ́jọ́ kan, tó san, tí ẹni tó yá a ò sì bá a pa á rẹ́. Òfin Credit Reporting Act ti 2017 fún yín ní rìpọ́ọ̀tù lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ gbà á kẹ́ ẹ tó padà lọ sí Wuse. Bẹ́ ẹ bá rí gbèsè tẹ́ ẹ ti san nínú rẹ̀, ẹ kọ̀wé ta kò ó lọ́dọ̀ wọn, kẹ́ ẹ sì mú ẹ̀rí ìsanwó lọ bá ẹni tó yá yín lówó, torí òun ló gbọ́dọ̀ fi àtúnṣe ránṣẹ́.