Sẹ́tíǹgì jíjẹ táyà nínú géèmù: ṣé òun ló ń mú mọ́tò mi yọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Páàdì ni mo fi ń gbá géèmù ìdíje mọ́tò. Tí mo bá ń dá gbá a, tí mo pa jíjẹ táyà (sẹ́tíǹgì tó ń mú kí táyà máa gbó bí èèyàn ṣe ń sáré), mọ́tò mi máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀nà dáadáa. Ṣùgbọ́n níbi tí a ti ń bára wa díje lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìlọ́po 5 ni wọ́n máa ń fi sí. Ìyípo 3 àkọ́kọ́, èmi àti àwọn ará iwájú la jọ ń lọ. Láti ìkẹrin, ẹ̀yìn mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í fì, wọ́n á sì máa kọjá mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé sẹ́tíǹgì yẹn ló ń dín bí táyà ṣe ń di ọ̀nà mú kù ni? Kí ni kí n yí padà?

Ìdáhùn: Rárá, àbúrò. Ìlọ́po 5 yẹn kò fọwọ́ kan bí táyà tuntun ṣe ń di ọ̀nà mú. Ó kàn ń mú kí táyà yára gbó ni: rọ́bà tí ìyípo 5 ì bá jẹ, ìyípo 1 péré á jẹ ẹ́. Ìwọ náà ti rí ẹ̀rí rẹ̀, torí o bá àwọn ará iwájú dọ́gba fún ìyípo 3. Bó bá jẹ́ pé sẹ́tíǹgì ló ń gba agbára lọ́wọ́ táyà, láti kọ́nà àkọ́kọ́ ni wàhálà ì bá ti bẹ̀rẹ̀.

Bí o bá fẹ́ fojú ara rẹ rí i, mú mọ́tò kan náà, ojú ọ̀nà kan náà, epo tó dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má sì sí lọ́nà. Sá ìyípo 6 nígbà tí jíjẹ táyà wà ní pípa, kí o tún sá 6 ní ìlọ́po 5. Kọ àsìkò ìyípo kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ìyípo kejì, lẹ́yìn tí táyà ti gbóná, á fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu nínú méjèèjì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á máa jìnnà síra.

Ṣùgbọ́n ìlọ́po 5 kan náà ni gbogbo yín ń lò. Kí ló dé tí táyà tìrẹ fi ṣáájú tiwọn gbó? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ìlọ́po yẹn kì í sọ ọ̀nà tó o rìn nìkan di púpọ̀, ó ń sọ ìwà ọwọ́ rẹ náà di púpọ̀. Nínú géèmù tí wọ́n ṣe dáadáa, yíyọ̀ ló ń jẹ táyà ju jíjìn ọ̀nà lọ. Táyà gbọ́dọ̀ yọ̀ díẹ̀ kó tó lè di ọ̀nà mú nínú kọ́nà, torí ibi tí táyà kọjú sí àti ibi tí mọ́tò ń lọ gan-an kì í fi gbogbo ara bára mu. Bí ìyàtọ̀ yẹn ṣe ń pọ̀ sí i ni ìdìmú ń pọ̀ sí i, títí yóò fi dé góńgó. Bó o bá tún yí sítíárì kọjá góńgó yẹn, ìdìmú kò ní í pọ̀ mọ́. Ooru àti jíjẹ nìkan ló máa pọ̀. Ẹni tó ń lo páàdì lèyí máa ń bá jù, nítorí àtàǹpàkò kò fẹ́ràn ìdajì. Á tì í dé òpin tàbí kó fi í sílẹ̀.

Tìrẹ, o ní ẹ̀yìn ló ń fì, nítorí náà ìka tó ń tẹ iná, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń mú mọ́tò sáré, ni mo kọ́kọ́ fura sí. Bó o bá ń jáde nínú kọ́nà tó lọ́ra, tó o tẹ iná tán kí sítíárì tó tọ́, táyà ẹ̀yìn á máa yí lójú kan. Nígbà tí jíjẹ táyà wà ní pípa, o kò ní í mọ̀, kò sí ẹni tó máa gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ní ìlọ́po 5, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lo máa san án. Lo jíà tó fi ẹyọ kan ga ju èyí tó o ti ń lò lọ ní irú kọ́nà bẹ́ẹ̀, kí agbára tó ń dé ẹ̀yìn má baà le jù. Bí wọ́n bá gba traction control láyè, ìyẹn ìrànlọ́wọ́ tí kì í jẹ́ kí táyà yí lójú kan, fi ìwọ̀n kan kún un. Ó lè jẹ́ díẹ̀ nínú eré rẹ ní ìyípo kìíní, ṣùgbọ́n ìyípo kẹfà ló yẹ kó jẹ ọ́ lógún.

Kó o tó dá táyà gbígbó lẹ́bi, wo ooru náà. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ọ̀pọ̀ géèmù sì máa ń ka ooru kódà nígbà tó o bá ti pa jíjẹ táyà. Bí mọ́tò bá yọ̀ lẹ́yìn kọ́nà méjì tó gùn, tó sì tún gbádùn lẹ́yìn ọ̀nà títọ́ tó tẹ̀ lé e, ooru ni. Bí kò bá padà bọ̀ sípò àfi ìgbà tó o pààrọ̀ táyà, rọ́bà ti lọ nìyẹn. Ooru ló tún ń gbé afẹ́fẹ́ inú táyà sókè. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbá Assetto Corsa Competizione fi máa ń wo gééjì lẹ́yìn tí táyà ti gbóná, tí wọ́n ń wá nǹkan bíi 26 sí 27 psi (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú táyà) fún mọ́tò GT3, irú mọ́tò ìdíje kan, lójú ọ̀nà gbígbẹ.

Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í sì í gbó bákan náà. Ọ̀nà Silverstone, pápá ìdíje mọ́tò kan ní England, ń yí bí ọwọ́ aago, kọ́nà ọ̀tún ló pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà táyà òsì ló ń ru ẹrù jù. Ní ìdíje Formula 1 tí wọ́n ń pè ní British Grand Prix, èyí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́dún 2020, táyà iwájú lápá òsì Lewis Hamilton bẹ́ ní ìyípo ìkẹyìn, ó sì fi táyà 3 wọlé sípò kìíní. Táyà kan náà ló bẹ́ mọ́ Valtteri Bottas àti Carlos Sainz lọ́wọ́ ní ìparí ìdíje ọ̀hún. Ní Interlagos, pápá ìdíje ní Brazil tó ń yí lódìkejì, apá ọ̀tún ni kó o máa ṣọ́. Àwòrán táyà kékeré mẹ́rin tó wà lójú géèmù, wò ó ní ìyípo kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá ṣáájú yí àwọ̀ padà ló máa sọ ibi tí ọwọ́ rẹ ti le jù.

Irú rọ́bà tún ń bọ̀. Gran Turismo 7 pín táyà sí Comfort, Sports àti Racing, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní líle, àárín àti rírọ̀. Rírọ̀ yára, ó sì tètè gbó. Bí ìdíje yín kò bá gùn ju ìyípo 4 lọ, rírọ̀ dára. Bó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, mo máa ń ní kí èèyàn dán àárín wò ná. Béèrè ìlọ́po epo pẹ̀lú: níbi tí táyà wà ní ìlọ́po 5 tí epo sì wà ní 1, mọ́tò kò ní í fúyẹ́ bí táyà ṣe ń gbó. Èmi ò fẹ́ràn irú ìdíje bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n pọ̀ káàkiri.

Ọ̀rọ̀ ìgbáradì kò le. Bó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ojú ọ̀nà tuntun, pa jíjẹ táyà. Tó o bá ti mọ kọ́nà rẹ̀ tán, ìlọ́po tí ẹ máa fi díje gan-an ni kó o fi ṣe é, láti táyà tuntun títí dé ìgbà tí kò ní í ṣeé wà mọ́. Nígbà náà ni wàá ní nọ́ńbà tó o lè fi pinnu ìgbà tó yẹ kó o wọ pit, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà. Ká ní pit ń gba ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ́wọ́ rẹ, tí táyà tó ti gbó sì ń fi ìṣẹ́jú àáyá 3 lọ́ra ju tuntun lọ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bó bá ku ìyípo 5, 15 lo máa pàdánù. Dúró sójú ọ̀nà. Bó bá ku 8, ó ti di 24, táyà á sì tún máa gbó sí i. Wọlé lọ pààrọ̀ rẹ̀.