Kí ni «tyrannos» túmọ̀ sí, báwo sì ni orúkọ yìí ṣe mọ́ àwọn amòye lórí?

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí nìyí: «Wọ́n ní àwọn kan lára ọmọ ẹ̀yìn Socrates àti Plato, àwọn amòye Áténì ní ilẹ̀ Gíríìsì, di tyrannos. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ túmọ̀ sí?» Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà wò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Lóde òní, òǹrorò àti aninilára ni orúkọ yìí ń gbé wá sọ́kàn. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ kò bẹ̀rẹ̀ síí lò ó bẹ́ẹ̀. Archilochus akéwì, ní ọ̀rúndún keje ṣáájú ìbí Jésù, lo ọ̀rọ̀ tó jáde láti inú rẹ̀ nígbà tó ń kéwì nípa Gyges, ọba Lídíà, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tọ́kì báyìí. Tyrannos ni ẹni tó gorí àlééfà láìjẹ́ pé ìdílé tàbí òfin ìlú ló gbé e síbẹ̀. Ọ̀nà tó gbà débẹ̀ ni wọ́n ń wí, kì í ṣe ìwà rẹ̀. Ipá ni Peisistratus fi gba Áténì ní ọ̀rúndún kẹfà, síbẹ̀ àwọn ará ìlú fi ìgbà rẹ̀ wé ayé Kronos, ayé tó tutù, tó tòrò.

Ẹ tún wo eré Sophocles tí Ola Rotimi sọ di ti Yorùbá nínú The Gods Are Not to Blame. Oidipous Tyrannos ni àwọn Gíríìkì ń pe eré náà, wọn kò sì torí ẹ̀ pe Oedipus ní ìkà. Ọgbọ́n orí ló fi gba ìtẹ́ Thebes, nígbà tó já àlọ́ tí kò sẹ́ni tó lè já. Àlejò tó fi làákàyè jọba lòun rò pé òun jẹ́. Kò mọ̀ pé ọmọ oyè lòun. Kódà, èèyàn ń jẹ́ orúkọ yìí: ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19, ẹ ó rí ilé ẹ̀kọ́ Tírannù ní Éfésù, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń kọ́ni fún ọdún méjì.

Nígbà tó yá ni ọ̀rọ̀ náà wá di ọ̀rọ̀ burúkú. Plato to ìjọba sí oríṣi márùn-ún, ó sì fi ti tyrannos sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé ilé ara rẹ̀ ni ẹ̀rí ti wá.

Critias jẹ́ ìbátan ìyá Plato. Ó kéwì, ó kọ eré oníṣe, ó kọ̀wé nípa ètò ìlú Sparta, ó sì bá Socrates rìn nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tí Sparta ṣẹ́gun Áténì ní ọdún 404 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n yan ọgbọ̀n ọkùnrin pé kí wọ́n tún òfin ìlú kọ. Critias di abẹnugan wọn, àwọn tí wọ́n wá ń pè ní Ọgbọ̀n Tyrannos. Láàárín oṣù mẹ́jọ, wọ́n ti pa nǹkan bí 1,500 èèyàn, wọ́n sì ń kó dúkìá àwọn àjòjì olówó tó ń gbé ìlú náà. Ṣùgbọ́n òfin kan tí wọ́n ṣe ni kì í kúrò lọ́kàn mi: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ aráyé ní ìmọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ mọ́. Xenophon, òpìtàn tó mọ Socrates, ló sọ ọ́ fún wa. Wọ́n pe Socrates, wọ́n ka òfin náà sí i létí, wọ́n ní kó má bá ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ mọ́. Ó béèrè pé ta ló ń jẹ́ ọ̀dọ́. Wọ́n ní ẹni tí kò bá tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ní, bí òun bá fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ńkọ́, ṣé òun ò gbọdọ̀ béèrè pé èló ni? Ẹni tí ọ̀rọ̀ sọ di èèyàn ló ń pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́ yẹn, olùkọ́ rẹ̀ ló sì fi bẹ̀rẹ̀.

Critias kú sójú ogun ní ọdún 403. Ní 399, Áténì dá ẹjọ́ ikú fún Socrates. Ó lé ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà kí Aeschines, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ará Áténì, tó dìde nílé ẹjọ́, tó sì rán wọn létí láìfi bò pé wọ́n pa Socrates nítorí pé òun ló kọ́ Critias.

Ti Clearchus jọ èyí, ó sì tún burú sí i. Ará Heraclea ni, ní etí Òkun Dúdú. Ó jókòó lẹ́sẹ̀ Plato, ó sì lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ Isocrates, ọ̀gá nínú ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ní nǹkan bí 364 ó fi ara rẹ̀ hàn bí agbèjà mẹ̀kúnnù lòdì sí àwọn olówó, mẹ̀kúnnù sì gbé àṣẹ lé e lọ́wọ́. Bó ṣe di apàṣẹwàá nìyẹn. Ó ní ọmọ Zeus, olórí àwọn òrìṣà Gíríìkì, lòun, ó sọ ọmọ rẹ̀ ní Keraunos, tí í ṣe Àrá. Síbẹ̀, ọkùnrin yìí kan náà kọ́ ilé ìkówèésí sílùú rẹ̀; òpìtàn Heraclea tó ka gbogbo ìkà rẹ̀ sílẹ̀ kò fi ìyẹn dù ú. Isocrates wá kọ lẹ́tà sí ọmọ Clearchus lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀ pé, nígbà tí Clearchus wà lọ́dọ̀ àwọn, kò sí ẹni tó tún níwà pẹ̀lẹ́ tó o, àfi ìgbà tó dépò tí àwọn kò dá a mọ̀ mọ́. Mo gbọ́ ìrora olùkọ́ nínú lẹ́tà yẹn. Chion, tí òun náà kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Plato, ló gún Clearchus pa níbi ọdún òrìṣà Dionysus ní 352. Ọdún méjì péré ṣáájú ìyẹn, ní Sírákúsì, Callippus ti dìtẹ̀ pa Dion, tó ń ṣàkóso ìlú náà: ojúlùmọ̀ Plato ni àwọn méjèèjì pẹ̀lú.

Ní ọdún 88 ṣáájú ìbí Jésù, ó tún kan Áténì. Aristion, tó ń tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ amòye Epicurus, gba ìlú pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Mithridates, ọba Pontus, Sulla ará Róòmù sì wá dó ti ìlú náà. Ìyàn mú títí àwọn èèyàn fi ń se awọ jẹ. Plutarch ní nígbà tí àwọn àlùfáà wá bẹ Aristion pé kó ṣàánú ìlú, kó bá Sulla sọ̀rọ̀, ọfà ló fi lé wọn.

Appian, tó kọ ìtàn ogun yẹn, bínú débi tó fi ní àwọn amòye tó dépò máa ń rorò ju afipájọba yòókù lọ. N kò bá a lọ débẹ̀. Ìwé kọ́ ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé àwọn tó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣí ojú èèyàn náà ló mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pa lẹ́nu mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń padà sọ́dọ̀ Pittacus ará Mytilene, ọ̀kan nínú àwọn Ọlọ́gbọ́n Méje ilẹ̀ Gíríìsì. Àwọn ará ìlú ló yàn án, wọ́n gbé gbogbo àṣẹ fún un kó lè paná ìjà abẹ́lé. Aristotle pe irú oyè bẹ́ẹ̀ ní ìjọba tyrannos tí ìlú fọwọ́ ara wọn yàn. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí «afipájọba» wa kò fi bá ọ̀rọ̀ náà mu tán. Alcaeus akéwì kórìíra rẹ̀, ó sì bú u nínú ewì: ọmọ ìdílé yẹpẹrẹ, ó ní, lẹ fi ṣe tyrannos. Wọ́n ní ọwọ́ Pittacus tẹ Alcaeus, ó sì jẹ́ kó máa lọ, ó ní ìdáríjì sàn ju ẹ̀san lọ. Nígbà tó lo ọdún mẹ́wàá, ó dá àṣẹ padà fún ìlú, ó sì tún lo mẹ́wàá sí i láyé láìlóyè.