Kì í ṣe gbogbo "ara" ni "self"

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Mo ń múra ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnìkan tó ń kọ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ibikíbi tí Yorùbá bá ti lo "ara", kí á ṣáà fi "self" sẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi to àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń gba "myself" àti "themselves" jọ, kí n há wọn sórí.

Ìdáhùn: N kò ní to nǹkan kan jọ. Òfin "ara" yẹn ló ń da gbogbo yín láàmú, ìbéèrè kan náà ni mo sì ń rí gbà ṣáá. Irọ́ ni òfin ọ̀hún. Ẹni tó ń fi kọ́ yín ń ṣe iṣẹ́ tí kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ẹ wo olùwà, ìyẹn ẹni tó ṣe nǹkan, kí ẹ wá wo àbọ̀, ìyẹn ẹni tí a ṣe nǹkan náà sí. Bó bá jẹ́ ẹnìkan náà ni méjèèjì, "self" dé nìyẹn. "Bola cut himself": Bọ́lá ló mú ọ̀bẹ dání, òun náà ni ọ̀bẹ gé. "Bola cut him": ẹlòmíràn ló fara gbọgbẹ́.

Ibi tí òfin yẹn ti ń bà yín jẹ́ jù ni "ara wọn". Bí a bá ní "Adé àti Ṣọlá fẹ́ràn ara wọn", gbogbo wa ló mọ̀ pé Adé fẹ́ràn Ṣọlá, Ṣọlá náà fẹ́ràn Adé. Ẹ wá lọ kọ "Ade and Sola love themselves". Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ni pé Adé fẹ́ràn Adé, Ṣọlá fẹ́ràn Ṣọlá, kálukú ń kẹ́ ara rẹ̀. Ẹ wá fojú inú wò ó nínú ìwé ìpè ìgbéyàwó! "Each other" lẹ ń wá. Àwọn kan á ní ẹni méjì ló ni "each other", pé "one another" ni fún mẹ́ta sókè. Àwọn tó ni èdè kì í fi gbogbo ìgbà tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n bí olùkọ́ yín bá ní dandan ni, ẹ ṣe bó ṣe wí.

Ẹ dán gbólóhùn yín wò báyìí: ṣé ẹ lè sọ pé ẹnìkínní ṣe é sí ẹnìkejì, tí ẹnìkejì náà sì ṣe é padà? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ju "themselves" nù. "They greeted themselves" kò kọjá ìdánwò yìí. "Let us help ourselves" tún burú ju ìyẹn lọ, torí Gẹ̀ẹ́sì tó já geere ni, àmọ́ kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ kí a ran ara wa lọ́wọ́. Ohun tí ẹ sọ ni pé kí kálukú nawọ́ mú ohun tó wà nílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ èdè kan gbà pé irú "themselves" yìí ti di ara Gẹ̀ẹ́sì tiwa. N kò bá wọn jà. Ẹni tó máa máàkì ìwé yín lè má gbà.

"Ara" mìíràn wà tí Gẹ̀ẹ́sì kò ka sí rárá: "Mo wẹ ara mi", "I had a bath". Òmíràn sì wà tí Yorùbá kò dárúkọ "ara" níbẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì ń bèèrè rẹ̀. "We enjoyed" kò tíì parí. "We enjoyed ourselves" ni, tàbí kí ẹ sọ ohun tí ẹ gbádùn. Bákan náà ni "She prides herself on her work" àti "He absented himself". Irú èyí ni kí ẹ wò nínú ìwé atúmọ̀-èdè, kí ẹ ka àpẹẹrẹ gbólóhùn tó wà níbẹ̀.

"Myself" kò ní ọ̀wọ̀ ju "me" lọ. "Send it to me" ti tó.

Bí ẹ bá sì ń kọ̀wé sí àgbàlagbà kan ṣoṣo, "Ẹ tọ́jú ara yín, mà" kò lè di "Take care of yourselves". Ẹnìkan ni wọ́n. "Yourself" ni kí ẹ kọ, Gẹ̀ẹ́sì kò ní bínú.