Etí Fìlà Ọmọ Tí Kì Í Nà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń fi wúùlù hun fìlà fún àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun ní àdúgbò wa. Ìyá kan dá tirẹ̀ padà lọ́sẹ̀ tó kọjá nítorí pé etí fìlà náà fi àpá sí iwájú orí ọmọ rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òwú tí mo fi sílẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ a máa tán nígbà tí ó bá ku ojú ìhun mẹ́wàá péré. Àwọn kan tún ń fẹ́ lẹ́tà orúkọ ọmọ lára fìlà. Báwo ni kí n ṣe é?
Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ìlà àkọ́kọ́ tí ẹ fi ń kó ojú sórí abẹ́rẹ́ ni ó fún jù. Àwa tí a fi sípóòkì kẹ̀kẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí nílé ẹ̀kọ́, ńṣe ni a máa ń fa ojú kọ̀ọ̀kan le kí ó má baà yọ, àṣà yẹn kò sì tíì fi wá sílẹ̀. Bí ẹ bá ti fi ìrù òwú, ìyẹn èyí tí ẹ fi sílẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀, kọ́ àtàǹpàkò òsì, tí ẹ ti abẹ́rẹ́ bọ abẹ́ rẹ̀, tí ẹ sì fi òwú tó ń ti inú ìdì bọ̀ yí orí abẹ́rẹ́ kí ẹ tó fà á jáde, ẹ rọra fà á títí yóò fi kan abẹ́rẹ́, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Ẹ fi ìka di ojú náà mú, kí àlàfo díẹ̀ lè wà láàárín rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀lé e. Àwọn kan a máa fi abẹ́rẹ́ méjì pọ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú òkè nìkan ni ìyẹn ń mú tóbi. Àlàfo ìsàlẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí etí fìlà nà.

Ní ti òwú tó ń tán, ẹ yí i mọ́ abẹ́rẹ́ nígbà 10, ẹ tú u, kí ẹ wọn gígùn rẹ̀. Bí fìlà bá jẹ́ olójú 80, ìlọ́po 8 gígùn yẹn ni ẹ ó fi sílẹ̀, kí ẹ sì fi díẹ̀ lé e. Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni pé kí ẹ so etí òwú ìdì méjì pọ̀, kí ọ̀kan ṣe ìrù, kí èkejì máa yí abẹ́rẹ́. Ẹ má ka kókó náà mọ́ ojú.

Lẹ́tà ńkọ́? Ẹ má hun ún mọ́ fìlà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí òwú àwọ̀ kejì tó ń gba inú kọjá a máa kọ́ ọmọ níka. Ẹ parí fìlà tán, kí ẹ wá fi òwú àwọ̀ kejì sínú abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò mú, kí ẹ fi tọ ipa òwú àkọ́kọ́. Ojú kọ̀ọ̀kan dà bí V: ẹ ti ẹ̀yìn yọ abẹ́rẹ́ ní ìdí rẹ̀, ẹ gbà á lẹ́yìn ẹsẹ̀ méjèèjì V tó wà lókè rẹ̀, kí ẹ dá a padà sínú ihò tó ti jáde. Bí ẹ bá fà á jù, àwọ̀ ìsàlẹ̀ yóò yọjú. Ojú ìhun sì fẹ̀ ju bí ó ti ga lọ. Nítorí náà, bí ìbú lẹ́tà bá jẹ́ ojú 5, tí ẹ sì fẹ́ kí gíga rẹ̀ bá a dọ́gba, ẹ fún un ní ìlà bíi 7.

Bí wọ́n bá béèrè ìlẹ̀kẹ̀, ẹ kọ̀ ọ́ fún ọmọ tó ṣì ń fi nǹkan sẹ́nu.