Sólà fún ilé Màmá n'Ìbàdàn: ẹ má tíì fi owó ránṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìlú òyìnbó. Ẹ ní oníṣẹ́ kan ti kọ ínfátà 10 kVA (kVA ni ìwọ̀n agbára rẹ̀) fún ilé Màmá n'Ìbàdàn, ó sì fẹ́ kí ẹ san gbogbo owó náà láti Manchester kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Kí ni Màmá nìkan fẹ́ fi 10 kVA ṣe?

Ẹ ní kí ẹnìkan ka ohun tó ń jẹ iná nínú ilé náà, kó wo iye wáàtì tó wà lára wọn. Fáànù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 75, bí wọ́n bá fi wákàtí 10 yí mọ́jú, yúnìtì 1.5 ni, irú yúnìtì tí mítà Nẹ́pà ń kà. Ẹ fi gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n àti fìríìjì kún un, bóyá ni yóò fi ju yúnìtì 3 lọ lóru. Bátìrì lithium 48V, 100Ah kan ṣoṣo ń gba nǹkan bíi yúnìtì 5. Wọ́n á ní bátìrì olómi tí wọ́n ń pè ní tubular kò wọ́n tó lithium. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì iná inú rẹ̀ ló yẹ kéèyàn máa lò, bí kò bá fẹ́ kó tètè kú.

Ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga ló lè da ìṣirò rú, torí bó bá ń gbéra, iná tó ń fà máa ń di ìlọ́po mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa mú 5 kVA, kí wọ́n sì máa fa omi lọ́sàn-án. Áyọ́ọ̀nù? Kó dúró de Nẹ́pà.

Pánẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti rẹ́ èmi jẹ. Wọ́n kọ 400 sẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ nígbà tí àbúrò mi gbé téèpù lé e, kò ju mítà 1.5 sí 0.67 lọ! Wáàtì 400 kankan kò lè gba inú ìyẹn. Pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 550 gidi gùn ju mítà 2.2 lọ, ó fẹ̀ tó 1.1, ó sì wúwo ju kílò 25 lọ. Èyí tí ọmọdé bá lè gbé sáré, ẹ dá a padà.

Kí káfíńtà kọ́kọ́ yẹ igi òrùlé wò. Kí wọ́n kọjú pánẹ́ẹ̀lì sí gúúsù, kó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí òjìji igi máńgòrò má sì débẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, kí wọ́n máa nu eruku rẹ̀.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ wá ẹni tí yóò bá yín ṣọ́ iṣẹ́ náà, kó má sì jẹ́ ọ̀rẹ́ oníṣẹ́ náà. Ẹ mú ìdá kan nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ dání títí wọ́n á fi pa iná Nẹ́pà láago méje alẹ́, tí ilé á sì mọ́jú lórí bátìrì. Ẹ béèrè ínfátà tó ní Wi-Fi, ẹ ó máa rí bátìrì náà lórí fóònù yín níbẹ̀.

Ẹ pa orúkọ oníṣẹ́ yẹn rẹ́ kúrò nínú ìwé iye owó tó kọ, kí ẹ gbé e síbí, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.